Ẹyẹ Ìyeyè Kò Gba Káàbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ rí àyè jókòó, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín kò gbélé, ẹ dúró síbi tí ẹ wà, nítorí ìtàn ẹni tí kò lè jókòó ni mo fẹ́ sọ. Èmi Ọdẹ́tọ́lá kì í purọ́ ọdẹ. Ẹfọ̀n tí mo pa nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, orí rẹ̀ ṣì wà lára ògiri mi títí di òní.

Ìyá Morẹ́niké tó jókòó sórí òkúta níwájú mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, orí màlúù ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí."

Màlúù tó bá sá wọ inú igbó tó sì pẹ́ níbẹ̀, ẹfọ̀n ni. Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọdẹ́yalé ọmọ Àwẹ̀ró ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọdẹ, òun ló sì ni ìtàn yìí. Gbogbo ìyà tó jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà ló sọ fún mi, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dùn ún lára rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í jókòó tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ń jẹun, ìdúró ni. Bí ẹ bá gbé àga fún un, yóò dúpẹ́, yóò gbé fìlà rẹ̀ lé orí àga, òun fúnra rẹ̀ yóò sì máa rìn yí i ká. Àwọn ará àdúgbò a máa fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé lóòótọ́ ni ọdẹ yìí ń yà sílé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i kí ó wọlé rí.

Nínú àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé. Ní ẹ̀yìnkùlé ìyá náà, igi ìyeyè ńlá kan wà, ẹyẹ kan sì ń gbé orí rẹ̀. Ara ẹyẹ náà rí bí èso ìyeyè tó pọ́n dáadáa, orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹnu rẹ̀ pupa. Ẹyẹ ìyeyè ni àwa ọdẹ ń pè é. Ohùn rẹ̀ dàbí ìgbà tí ènìyàn bá ń fọn fèrè tí omi wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni ẹyẹ yìí ń jí Àwẹ̀ró. Bí ó bá ti fọhùn, ìyá àgbà á dìde, á bọ́jú, á mu ẹ̀kọ gbígbóná.

Nígbà tó yá, Ọdẹ́yalé ní kí òun kọ́ ilé fún ìyá òun. Ó wó ahéré àtijọ́, ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé tuntun, ó fi páànù kàn án lórí, ẹ̀yìn ilé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi ìyeyè. Àwọn kápẹ́ńtà gun orí òrùlé, wọ́n ń lu ìṣó gbàgà-gbàgà, wọ́n gé ẹ̀ka tó dí wọn lọ́wọ́. Ẹyẹ kò padà wá mọ́.

Àwẹ̀ró wo ilé títí. Ó ní, "Ilé dára, ọmọ mi. Kí Ọlọ́run bù kún ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jí mi?"

Ọdẹ́yalé rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ara ìyá náà kò lélẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀ ni yóò ti jáde sí ẹ̀yìnkùlé, yóò wòkè, yóò wọlé, yóò tún jáde. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀kọ fún un, á tọ́ ọ wò, á gbé e sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ìró rẹ̀ kò dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́. Abíọ́nà, àbúrò ìyá náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ọdẹ́yalé pẹ̀lú ojú tí a fi ń wo ẹni tó fẹ́ di ọmọ òrukàn.

Ọdẹ́yalé mọ̀ pé ẹyẹ yìí fẹ́ràn ọsàn. Ó wá èyí tó dùn jù, ó bó o bí a ti ń bó o fún ènìyàn pàtàkì títí ó fi funfun, ó gé e lórí kí ó lè ṣeé mu, ó gbé e sínú abọ́ tánganran, ó gbé abọ́ sórí àpótí, ó fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ. Ẹyẹ náà wá. Ó bà sórí ọgbà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọdẹ́yalé ní, "Káàbọ̀, ẹyẹ. Jókòó. Wá jẹun."

Ẹyẹ wò ó bí ìgbà tí ayálégbé bá ní kí onílé wá sinmi nínú yàrá rẹ̀. Ó fò lọ.

Àwẹ̀ró sọ láti ẹnu ilẹ̀kùn pé, "Bóyá kò gbọ́ ọ. Gbé ohùn sókè díẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́yalé fi oyin sí ọsàn, ó sì ké "káàbọ̀" débi pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò dìde. Ẹyẹ kò tilẹ̀ bà sórí ọgbà. Ó yí lójú ọ̀run, ó gba ọ̀nà igbó lọ. Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò tọ́ ẹ̀kọ wò mọ́, omi nìkan ló ń mu.

Àlejò tó bá jọ òkété ni a ń fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀. Ẹ̀kùrọ́ ni Ọdẹ́yalé fi lọ òkété, òkété sì kọ̀ ọ́. Èyí tó yà á lẹ́nu jù nìyẹn. Ó gbé ìbọn kọ́ apá, ó sọ ọsàn díẹ̀ sínú àpò, ó sì lọ dágbére.

Ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Bí o bá fẹ́ bá mi láàyè, má pẹ́. Ẹsẹ̀ tí o kò fi bá mi jókòó rí yẹn, fi sáré wàyí."

Ó sáré. Bí ó ti wọ Igbó Àìjókòó, okùn bàtà rẹ̀ já, ẹ̀gún ọ̀pẹ kan wọ gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ títí dé egungun. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ọdẹ́yalé wá ibi tí yóò jókòó sí láti yọ ẹ̀gún. Ó rí gbòǹgbò ìrókò kan, ó tẹ̀ láti jókòó. Gbòǹgbò náà dìde.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé àga ni mí?"

Ọdẹ́yalé lọ sí gbòǹgbò mìíràn. Èyí náà dìde, ó bú u, ó sì lọ dúró síwájú. Ó lọ sórí òkúta, òkúta yí kúrò. Gbogbo nǹkan inú igbó náà ló ń rìn, tó ń ṣí, tó ń pààrọ̀ ibi, kò sí èyí tó fara balẹ̀. Nígbà tó fi gbára lé igi kan, igi náà tì í sínú ọ̀wọ́ ìjàlọ. Wọ́n gun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́ hàn mí. Ìyá Morẹ́niké, n kò ní sọ ibi tí ó jẹ́.

"Ẹ má sọ ọ́, Bàbá."

Ibẹ̀ ni iwin kan ti yọ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń já ọsàn, ó ru àpótí lórí, ó sì ń rìn yí ara rẹ̀ ká. Ó ní, "Ọdẹ, èmi ni Dúró-kí-n-jókòó. Láti ìgbà tí igbó ti wà ni mo ti ń wá ibi tí n óò gbé àpótí yìí kalẹ̀ sí, ilẹ̀ kò dúró fún mi. Bí o kò bá dáhùn àlọ́ mi, èjìká rẹ ni n óò gbé e lé, n óò sì jókòó síbẹ̀ títí láé. Ta ni ó jókòó pẹ̀sẹ̀, síbẹ̀ tó ń sáré kọjá ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn?"

Ọdẹ́yalé ń fo sókè sódò nítorí ìjàlọ, ìyẹn gan-an ló sì rán an létí. Ó ní, "Ẹni tó gun ẹṣin."

Iwin náà ya ẹnu. Ó ní, "O gbọ́n. Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o máa ń jókòó?"

"N kò jókòó rí."

"Ha, ọmọ ìyá mi ni ọ́. Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ọdẹ́yalé sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ti ìyá rẹ̀ fún un. Iwin ní kí ó la ìlú kan kọjá, pé lẹ́yìn ìlú náà ni àgbàlá ìyá àwọn ẹyẹ ìyeyè wà. Ó wá fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n kí o jẹun kí o tó wọ ìlú yẹn."

Kò sí oúnjẹ, àfi ọsàn tó ń tọ́jú fún ẹyẹ. Ó wọ ìlú náà pẹ̀lú ebi.

Onílé-ni-Gbogbo-wa ni orúkọ ìlú náà. Ní ilé àkọ́kọ́ lẹ́nu ibodè, ọkùnrin arúgbó kan tó sanra ní etí nìkan dìde fún un, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Inú Ọdẹ́yalé dùn. Ó ń retí omi. Ṣùgbọ́n aládùúgbò arúgbó náà wọlé láti ìta, kò kí ẹnikẹ́ni pé ẹ kúulé, ó na ọwọ́ sí arúgbó náà nínú ilé ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀."

Arúgbó ní, "Èmi ni mo kí yín káàbọ̀. Ẹ jókòó kí n bu omi wá."

Aládùúgbò ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó. Èmi ni onílé."

"Ilé mi ni a wà."

"Èmi ni mo sì kí yín sínú rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, kò sì sí ẹni tó bu omi. Ọdẹ́yalé jáde sí ojúde kejì, bákan náà ni. Obìnrin kan ń kí àwọn àna rẹ̀ káàbọ̀ sínú ilé àwọn àna rẹ̀. Ẹnì kan dúró lórí afárá, ó ń kí omi odò káàbọ̀. Ìkòkò gbogbo ìlú ti gbẹ, ẹnu gbogbo wọn sì dùn. Ó padà sọ́dọ̀ arúgbó àti aládùúgbò rẹ̀, ó béèrè ẹyẹ ìyeyè lọ́wọ́ wọn.

Arúgbó ní, "Ó kọjá níbí nígbà kan. A kí i káàbọ̀ dáadáa. Kò dúró."

Ebi ti sọ Ọdẹ́yalé di oníbìínú. Ó ní, "Ṣé kò sí ẹnì kan nínú yín tó mọ bí wọ́n ti ń kí 'ẹ kúulé' ni?"

Wọ́n wo ara wọn. "Kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọdẹ́yalé fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ tó ṣófo fi dùn ún. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn pamọ́, nítorí a óò lò ó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ó ń tiro jáde kúrò nínú ìlú náà, ó ń ro bí ìyá rẹ̀ ti ń wọlé tó ń jáde, tàbí bóyá kò lè jáde mọ́. Ó dé àgbàlá kan tí igi eléso yí ká. Kò rí ènìyàn. Ó wọlé, ó sì ń rìn káàkiri àárín ibẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Láìpẹ́, ìyá àgbà kan yọ láàárín ewé. Ìró àwọ̀ ìyeyè ló ró, ó wé gèlè dúdú, ètè rẹ̀ pupa bí ẹni tó jẹ obì.

Ọdẹ́yalé tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, Màmá."

Ìyá náà dúró. Ó ní, "Sí ibo?"

Ọdẹ́yalé wo ọ̀tún, ó wo òsì. 

Ìyá náà ní, "Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ lo kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù. Dáhùn èyí, n óò sì sọ ohun tí ìyá rẹ yóò fi yè fún ọ. Ẹni méjì pàdé ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì?"

"Ọmọdé ni yóò kí àgbà."

"Ẹgbẹ́ ni wọ́n."

"Ẹni tí a kọ́ dáadáa nínú wọn."

"Ìdáhùn tó dùn létí ni, kò tọ̀nà. Jókòó sórí òkúta yẹn. Di ọsàn kan mú ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ọmọ mi kan bá bà lé e, wàá ti mọ ìdáhùn. Bí o bá dìde ṣáájú, máa lọ sílé, kí o lọ sìnkú."

Ẹ̀yin ará mi, ìjàlọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ti dúró de ẹkùn rí, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ọdẹ́yalé jókòó.  Ẹ̀gún inú gìgísẹ̀ rẹ̀ ń mì tìtì bí ọkàn kejì. Gbogbo ara rẹ̀ ń pariwo pé kí ó dìde kí ó sáré, nítorí ìyá rẹ̀ ní kí ó má pẹ́, ìyá ẹyẹ sì ní kí ó má kúrò. Ẹyẹ kan sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé mì, ẹyẹ sá. Òmíràn wá, Ọdẹ́yalé mí kanlẹ̀, ẹyẹ sá. Ó bu ètè jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi wọ irùngbọ̀n rẹ̀.

Alángbá kan wá yọ ní ẹsẹ̀ òkúta náà. Ó gun òkè wá dé ìdajì, ó rí Ọdẹ́yalé, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó mi orí, ó dẹ́kun, ó tún mi orí. Láti kékeré ni Ọdẹ́yalé ti ń rí alángbá, kò wò ó rí, nítorí ẹni tí kò dúró kì í rí ohun tó ń mi orí sí i. Ó wo òkúta náà dáadáa: ibi tí òun jókòó sí ti dán, ó ti dán nípa àyà alángbá. Ibi tí ẹranko náà ti ń yáàrùn ni.

Ọdẹ́yalé rọra sún sí ẹ̀gbẹ́. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ kúulé."

Alángbá gun òkè, ó na àyà sí ibi tó dán. Nígbà náà ni nǹkan fúyẹ́ kan bà lé ọsàn tó wà lọ́wọ́ Ọdẹ́yalé.

Ìyá náà sọ láti ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Ta lo kí?"

"Onílé ni. Ẹni tó ń bọ̀ ló ń kí ẹni tó bá nílé."

"Ó dára. Nígbà tí ẹ kọ́ ilé ìyá rẹ, igi ìyeyè ńkọ́?"

"A bá a níbẹ̀ ni."

"Àwọn tó wà lórí igi ńkọ́?"

Ọdẹ́yalé rántí ẹ̀rín tó rín ní ìlú yẹn, ó sì bojú rẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Ẹ dé bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ẹ gé ilé wọn, ẹ gbé àpótí kalẹ̀, ẹ wá ń kí wọn káàbọ̀. Káàbọ̀ lásán, kò tilẹ̀ sí 'ẹ' níwájú rẹ̀. Ọsàn tí a bó, tí a gé lórí, ọsàn àlejò nìyẹn. Là á ní agbede méjì pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Fi há ara ẹ̀ka, kí ẹsẹ̀ wọn rí ibi dì mú, kí ẹnu wọn rí ibi wọ̀. Má gbé e sí ìsàlẹ̀ kí ológbò má bàa rí wọn mú. Kí wọn bí a ti ń kí ará ilé. Lẹ́yìn náà, jókòó. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni o kò gbọdọ̀ gbàgbé."

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yọ ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ìdajì ẹ̀gún náà kán sínú. Òun àti ìdajì tó kù sínú yẹn ni a jọ sin nígbà tó kú. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tó délé, Abíọ́nà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ó wo àpò rẹ̀. "Ọdẹ lọ sínú igbó, ọsàn ló gbé bọ̀. Ṣé ọsàn ti tán ní ìlú yìí ni? Ìyá rẹ kò gbé orí sókè láti àná. Wọlé kí o rí i kí ó tó pẹ́ jù."

Ọkàn Ọdẹ́yalé fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú igi ìyeyè.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará ibí. A dé bá yín, a kò kí yín. Ẹ má bínú."

Abíọ́nà fọwọ́ bo ẹnu. "Igbó ti mú un. Igi ló ń kí."

 Ọdẹ́yalé fi ọ̀bẹ la ọsàn ní ìbú, èèpo rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó fi ìdajì kan há orí ẹ̀ka tí àwọn kápẹ́ńtà gé kù. Ó mú ìdajì kejì dání. Ó wá wo ilẹ̀ lábẹ́ igi, ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.

Abíọ́nà gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ó sáré wọlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́yalé jókòó."

Ohùn kan tó tín-ín-rín dáhùn láti orí ẹní. "Ta ló jókòó?"

"Ọmọ yín ni. Ó tẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bí ènìyàn."

"Irọ́ lò ń pa. Gbé mi dìde. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Abíọ́nà gbé e jáde, ó fi í jókòó ti ọmọ rẹ̀.  Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ tó ti di egungun lé orúnkún Ọdẹ́yalé. Oòrùn kúrò lórí páànù. Òjìji igi gùn dé ọ̀dọ̀ wọn. Abíọ́nà dìde láti lọ dáná, ó tún jókòó.

Nǹkan kan kọjá láàárín ewé bí èso tó fẹ́ já bọ́. Ẹyẹ ìyeyè bà sórí ọsàn. Ó fi ẹsẹ̀ di èèpo mú, ó ki ẹnu pupa bọ inú rẹ̀, ó mu ún. Nígbà tó gbé orí sókè, ó wo àwọn mẹ́ta tó jókòó sílẹ̀, ó sì fọn fèrè olómi rẹ̀: ohùn kan ní àárín, ọ̀kan lókè tó falẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Àwẹ̀ró tẹ́tí. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

Ọdẹ́yalé ní, "Mo gbọ́, Ìyá mi. Ó ní, ẹ káàbọ̀."

Ìyá náà mi orí bí alángbá. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìdajì kejì yẹn, ta lò ń tọ́jú rẹ̀ dè? Gbé e wá."

Ó mu ún tán, ó lá èèpo rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ẹ̀kọ wà nílé.

Ibi tí ọ̀gá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni èmi gbé e kalẹ̀ sí. Ẹ lè máa dìde. Ìyá Morẹ́niké, ẹ̀yin ẹ rọra. Alángbá kan wà lẹ́yìn yín, láti àárọ̀ ló ti ń mi orí sí yín lórí òkúta yẹn. Ẹ kí i kí ẹ tó lọ.